Ọmọ mi pé oṣù 7, kò tíì dá jókòó: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àkọ́bí, Adó-Èkìtì

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá wa. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn tí oorun kò fi kùn mí mọ́. Ọmọbìnrin mi pé oṣù 7 lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí mo bá gbé e jókòó, ṣe ló máa wó síwájú bí àpò gààrí tí kò kún. Kò tíì yí láti ẹ̀yìn sí ikùn rí. Ọmọ aládùúgbò mi tí wọ́n bí ní ọ̀sẹ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ti ń rá kiri pálọ̀, ó ti ń di ẹsẹ̀ àga mú. Lọ́jọ́ tí a lọ wọn ọmọ, obìnrin kan wò ó títí, ó ní, "Ṣé kì í ṣe pé ọmọ yìí ya ọ̀lẹ?" Mo sunkún dé ilé.

Aṣọ ni mo ń tà ní Ọjà Bísí. Láti òwúrọ̀, ẹ̀yìn mi ni ọmọ máa ń wà. Bí oníbàárà bá pọ̀, màá gbé e sínú ìjókòó ọmọdé tí wọ́n fi ń gbé ọmọ sínú mọ́tò, màá sì so bẹ́líìtì rẹ̀. Bí a bá délé, màmá ọkọ mi kì í fẹ́ kí n gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ní símẹ́ńtì tutù, òtútù á wọ̀ ọ́ láyà. Wọ́n ní kí n fi aṣọ ká a mọ́ inú bàsíà kó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Ọkọ mi ní ká ra kẹ̀kẹ́ onítáyà tí ọmọ máa ń wà láàárín rẹ̀, tí á máa fi ẹsẹ̀ tì í kiri. Èwo ni kí n ṣe nínú gbogbo rẹ̀? Àbí kí n gbé e lọ sí ọsibítù?

Yèyé Arámọkọ

Ọmọ mi, nu ojú rẹ. Ìka ò dọ́gba. Ọmọ mẹ́fà ni mo bí. Àkọ́bí mi rìn ní oṣù mẹ́sàn-án. Èyí tó tẹ̀lé e lo ọdún kan àti oṣù mẹ́rin kó tó tẹ ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì, òun náà ló sì wá ń gun òkè Olósùnta láìsinmi.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́: ta ni ń bá ọ wẹ̀ ẹ́? Láyé tiwa, bí a bá wẹ ọmọ tán, a ó gbé e sórí itan, a ó fi àdín ra á láti èjìká dé àtẹ́lẹsẹ̀. A ó fa apá, a ó fa ẹsẹ̀, a ó gbé e lápá kan sókè, a ó dì í lẹ́sẹ̀ kó kọrí sísàlẹ̀, a ó sì sọ ọ́ sókè lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ̀rù má baà máa bà á. Bí ó bá tó oṣù mẹ́rin, a ó fi aṣọ ká a mọ́ ilẹ̀ kó jókòó. Egungun rẹ̀ á gbó. Màmá ọkọ rẹ kò ṣìṣe lórí ọ̀rọ̀ bàsíà.

Físíò Ìdó

Ẹ kú alẹ́, mà. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Iṣẹ́ físíò ni mo ń ṣe, ìyẹn fífi eré ìmárale tọ́jú iṣan àti oríkèé ara, àwọn ọmọdé ni mo sì ń tọ́jú jù. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni oyún yín nígbà tí ẹ bí i? Ṣé ọrùn rẹ̀ ti le dáadáa? Bí ẹ bá fi nǹkan hàn án, ṣé ọwọ́ méjèèjì ló fi ń nawọ́ gbà á, àbí ẹyọ kan ṣoṣo? Bí ẹ bá ń pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀, ṣé itan rẹ̀ máa ń le débi pé kò ṣeé là, àbí ara rẹ̀ rọ̀ bí aṣọ tí wọ́n rẹ sómi? Ṣé ojú rẹ̀ ṣe yẹ́lò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́? Ṣé nǹkan kan wà tó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe mọ́?

Ìyá Àkọ́bí, Adó-Èkìtì

Ẹ ṣé gan-an, sà. Ọ̀sẹ̀ 34 ni mo bí i. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló dé, wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ tètè gbé e jáde. Ọjọ́ 12 la lò ní ọsibítù. Ọrùn rẹ̀ ti le. Ọwọ́ méjèèjì ló fi máa ń já yẹtí mi, ó sì máa ń kó gbogbo nǹkan sẹ́nu. Itan rẹ̀ kò le. Ojú rẹ̀ ṣe yẹ́lò díẹ̀, wọ́n fi í sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù fún ọjọ́ 2, ó sì lọ. Kò sí ohun tó ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ tó wá gbàgbé.

Físíò Ìdó

Ọ̀sẹ̀ 34! Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, mà.

Ọ̀sẹ̀ 40 ni oyún máa ń pé. Ọmọ yín fi ọ̀sẹ̀ 6 yára jáde. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tó yẹ kó máa ṣe, a ó yọ ọ̀sẹ̀ 6 yẹn kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ la ó sì máa kà á títí yóò fi pé ọdún 2. Ní tìṣirò yẹn, kò tíì pé oṣù 6. Ẹ̀yin àti aládùúgbò yín jọ bímọ lọ́sẹ̀ kan náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tiwọn ti fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ gbọ́nra ju tiyín lọ nínú ikùn. Kò yẹ kí ẹ gbé wọn sórí ìwọ̀n kan náà rárá.

Kódà láàárín àwọn ọmọ tó pé oṣù kí wọ́n tó bí wọn, àlàfo gbòòrò. Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀lé àwọn ọmọ tí ara wọn le ní Gánà, Íńdíà, Nọ́wè, Ómánì àti Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006. Àwọn kan dá jókòó kí wọ́n tó pé oṣù 4, àwọn mìíràn kọjá oṣù 9. Rírìn láìdi nǹkan mú bẹ̀rẹ̀ láti bí oṣù 8 títí dé oṣù 17 àbọ̀. Gbogbo wọn ló gbó dáadáa. Nítorí náà, Yèyé, ọ̀rọ̀ yín nípa àkọ́bí àti àtẹ̀lé yín ṣe rẹ́gí.

Ohun tó kù tó ń kọ mí lóminú ni ọjọ́ tí ẹ ṣàlàyé yẹn. Ẹ̀yìn, ìjókòó mọ́tò, ẹ̀yìn, ọwọ́ ìyá àgbà. Ìgbà wo ni ọmọ yìí ń dé ilẹ̀? Láti orí ni agbára ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ lára ọmọ: ọrùn, èjìká, ẹ̀yìn, ìdí, kó tó wá dé ẹsẹ̀. Orí ilẹ̀ ló sì ti ń rí agbára yẹn kó jọ, nígbà tó bá fi ikùn lélẹ̀, tó ń gbé orí wúwo yẹn sókè, tó ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara rẹ̀, tó ń na ọwọ́ sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Bẹ́líìtì ìjókòó mọ́tò kì í jẹ́ kó ṣe ìkankan nínú rẹ̀. Ní 2019, àjọ yẹn kan náà sọ pé ó kéré tán, kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 máa fi ikùn lélẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́ nígbà tó bá lajú, kí á pín in sí wẹ́wẹ́, kí á má sì so ó mọ́ ibì kan ju wákàtí 1 lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ìyá Àkọ́bí, Adó-Èkìtì

Sà, bí mo bá dojú rẹ̀ délẹ̀, igbe ló máa ń ké. Kò lè ṣe ìṣẹ́jú 2. Òtútù ilẹ̀ yẹn ńkọ́?

Físíò Ìdó

Ẹ má fi ìṣẹ́jú 30 bẹ̀rẹ̀. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ fúnra yín, kí ẹ gbé e sórí àyà yín kó máa wojú yín. Ìyẹn náà ń kà. Ẹ tún lè fi ikùn rẹ̀ lé orí itan yín. Bí ẹ bá gbé e sílẹ̀, ẹ ká ìró kan bí òṣùká tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi sábẹ́ àyà rẹ̀, kí apá méjèèjì wà níwájú, ẹ wá dùbúlẹ̀ kí ojú yín àti ojú rẹ̀ ṣe déédéé. Ṣíbí ìdáná tó ń dán, ike oníhóró ẹ̀wà tí ẹ ti ìdérí rẹ̀ pa dáadáa, dígí tí kò lè fọ́, gbogbo rẹ̀ dára ju nǹkan ìṣeré olówó gọbọi lọ. Bó bá ti ń sunkún, ẹ gbé e, ẹ rẹ̀ ẹ́, ó tún di ẹ̀ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀. Ìṣẹ́jú 2, ìṣẹ́jú 3, lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́. Kí ó má jẹ́ kété tó mu ọyàn tán o, á pọ̀ ọ́.

Ti òtútù: ẹ tẹ́ ẹní, ẹ tẹ́ ìró tó nípọn lé e. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ẹ wọ ṣòkòtò àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní òfo. Ìka ẹsẹ̀ ni ọmọ fi ń di ilẹ̀ mú. Bí ilẹ̀ bá lómi, ẹ gbé e kúrò. Òtútù ilẹ̀ nìkan kì í fa àrùn àyà, kòkòrò àìsàn ló ń fà á, ṣùgbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún ìbẹ̀rù màmá, ìfẹ́ ọmọ ló mú wọn sọ ọ́.

Ti bàsíà: ẹ lè gbé e síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó ṣeré bí ẹ bá jókòó tì í. Ṣùgbọ́n inú bàsíà, ẹ̀gbẹ́ bàsíà ló ń jókòó, ọmọ kọ́. Ẹ gbé e sí àárín itan yín lórí ẹní, kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ níwájú. Á máa wó, á máa fi ọwọ́ gba ara rẹ̀ dúró. Wíwó yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́.

Bàbá Ìbejì, Ìkéré

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí ó máa fi ikùn lélẹ̀ sùn lóru náà? Àwọn tèmi máa ń sùn bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Físíò Ìdó

Rárá o. Ìgbà tó bá lajú tí ojú yín sì wà lára rẹ̀ nìkan. Bí ó bá ti fẹ́ sùn, ẹ̀yìn ni kí ẹ gbé e lé, lórí ibùsùn tó le, láìsí ìrọ̀rí. Fífi ikùn lélẹ̀ sùn máa ń mú kí ewu ikú òjijì lójú oorun pọ̀ sí i fún ọmọ ọwọ́.

Bàbá Ìbejì, Ìkéré

Mo gbọ́. Alẹ́ yìí ni mo máa yí wọn padà. Lórí kẹ̀kẹ́, kí n sọ òótọ́, mo rà á fún àwọn ọmọ mi, ọ̀kan nínú wọn rìn ní oṣù 10. Kò ṣe é ní nǹkan kan.

Ìyá Ìkọ́lé

Bàbá Ìbejì, ẹ dúpẹ́. Ọmọ tèmi wà nínú rẹ̀ ní oṣù 9, mo yíjú láti bu omi. Kí n tó yíjú padà, ó ti fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà fàráńdà, ó sì já bọ́ láti orí àtẹ̀gùn mẹ́ta, ìdáná èédú wà ní ìsàlẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá, orí ìdáná kọ́ ló ṣubú sí. Àpá wà níwájú orí rẹ̀ títí dòní. Ìgbà tí mo bá ń dì í nírun ni mo máa ń rí i, inú mi á sì bà jẹ́ lọ́tun. Mo fi àáké fọ́ kẹ̀kẹ́ yẹn ni. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e fún ọmọ mìíràn.

Físíò Ìdó

Ẹ kú ewu, mà. Orílẹ̀-èdè Kánádà fòfin de títa rẹ̀ ní 2004 nítorí irú ìjàm̀bá báyìí. Ó ń mú kí ọmọ yára dé ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ kò tíì dé: àtẹ̀gùn, iná, omi gbígbóná. Kì í sì í mú ọmọ yára rìn. Ọmọ kì í rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ìka ẹsẹ̀ ló fi ń ti ilẹ̀, ìdí àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Bàbá Ìbejì, ó ṣeé ṣe kí ọmọ yín rìn ṣáájú oṣù 10 bí kì í bá ṣe tirẹ̀.

Èyí tí káfíńtà máa ń kàn nílẹ̀ wa, onígi, onítáyà mẹ́ta, tí ọmọ máa ń dúró lẹ́yìn rẹ̀ tì, ìyẹn yàtọ̀. Ọmọ tó ti lè fi ara rẹ̀ dìde ló wà fún, bó bá sì rẹ̀ ẹ́, á jókòó sílẹ̀. Ẹ kàn rí i pé kò fúyẹ́ jù, kó má baà sáré fi ọmọ sílẹ̀.

Yèyé Arámọkọ

Ọmọ mi físíò, o sọ̀rọ̀ dáadáa, mo sì ka gbogbo rẹ̀, ọmọ-ọmọ mi ló bá mi kà á sétí. Ṣùgbọ́n o fo ọ̀rọ̀ ìwẹ̀. Ṣé kò dára ni?

Físíò Ìdó

Yèyé, ẹ má bínú. Mo fẹ́ fara balẹ̀ sọ ọ́ ni, nítorí ìṣúra ló wà nínú rẹ̀.

Ẹnì kan tó ń jẹ́ Charles Super ṣèwádìí láàárín àwọn Kipsigis ní Kẹ́ńyà, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1976. Àwọn ìyá ibẹ̀ máa ń gbẹ́ ihò kékeré sílẹ̀, wọ́n á fi aṣọ ká ọmọ mọ́ inú rẹ̀ kó kọ́ ìjókòó, wọ́n sì máa ń dì í mú kó kọ́ ìrìn, gẹ́gẹ́ bí tiyín gan-an. Àwọn ọmọ náà fi bí oṣù kan ṣáájú àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ní jíjókòó àti rírìn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn kì í kọ́ wọn, wọn kò ṣáájú nínú rẹ̀. Ohun tí a bá fún ọmọ láyè láti ṣe lara rẹ̀ ń mọ̀. Nítorí náà, àgbàlagbà tó ń fi ọwọ́ ra ọmọ lára, tó ń ki í ní oríkì, tó ń tẹ orúnkún rẹ̀ sí ikùn tó tún ń nà án padà díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Ìpọ̀nmọ náà bẹ́ẹ̀: bí itan ọmọ ṣe là mọ́ ìbàdí ìyá rẹ̀ ń jẹ́ kí oríkèé ìdí rẹ̀ jókòó dáadáa sí àyè rẹ̀.

Mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín kí ẹ fi sílẹ̀, Yèyé. Gbígbé e lápá kan: igunpá ọmọdé tètè máa ń yẹ̀. Dídì í lẹ́sẹ̀ kó kọrí sísàlẹ̀. Sísọ ọ́ sókè àti mímì í jìgìjìgì: ọpọlọ rẹ̀ ṣì rọ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ lè já.

Yèyé Arámọkọ

Sísọ sókè yẹn, mo fara mọ́ ọn, ọwọ́ mi gan-an ò gbé e mọ́. Ti apá, a ti ṣe é fún ọmọ mẹ́fà, kò sí èyí tí igunpá rẹ̀ yẹ̀. Mo máa rò ó.

Ìyá Ìjerò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀.

Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 6 báyìí. Nígbà tó wà ní ọjọ́ 4, ojú rẹ̀ ṣe yẹ́lò, ó sì dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ibi tí mo bí i sí, wọ́n ní kí n máa gbé e sí oòrùn òwúrọ̀, kí n máa fún un ní omi gúlúkóòsì. Aṣọ tí a fi wé e ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, inú àpótí tí káńfọ̀ kún inú rẹ̀ la ti kó o jáde. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kò fa ọyàn mọ́. Ọrùn rẹ̀ ń tẹ̀ sẹ́yìn, igbe rẹ̀ dún tín-ín-rín lọ́nà tí mi ò gbọ́ rí. A gbé e dé ọsibítù ńlá, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó yè.

Ní oṣù 8, ọrùn rẹ̀ kò le. Gbogbo ènìyàn ní ọkùnrin máa ń pẹ́. Àwọn kan ní emèrè ni. A gbààwẹ̀, a gun orí òkè àdúrà. Ó ti pé ọdún 1 àti oṣù 5 kí a tó rí ẹni tó sọ fún wa pé ibà pọ́njú yẹn ló ba ibi tó ń darí ìrìn nínú ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Láti ìgbà yẹn ni a ti ń lọ sọ́dọ̀ físíò. Ó ń lọ sí iléèwé. Ó ń fi igi ìdúró dìde. Ó mọ ìṣirò ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ohun tó bá sọ yé èmi dáadáa bí kò tilẹ̀ yé àlejò.

Ìyá Àkọ́bí, kì í ṣe pé mo fẹ́ dẹ́rù bà ọ́. Ohun tí o ṣàpèjúwe kò jọ tèmi. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni tí ọmọ rẹ̀ jọ tèmi bá ń ka èyí, oṣù 9 tí mo fi jókòó, kí ìwọ má jókòó.

Ìyá Àkọ́bí, Adó-Èkìtì

Mà, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ọlọ́run á fi ọmọ náà dá yín lọ́lá.

Físíò Ìdó

Ẹ ṣeun, mà. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tí mò ń tọ́jú, ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ mi. Àìtó èròjà tí wọ́n ń pè ní G6PD nínú ẹ̀jẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín wa, pàápàá lára ọkùnrin, káńfọ̀ sì máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ. Bí ojú ọmọ ìkókó bá ṣe yẹ́lò, oòrùn kò tó o, omi gúlúkóòsì kì í ṣe oògùn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn ohun tí kì í jẹ́ kí n sọ pé ká ṣì máa wò ó: ọrùn tí kò le ní oṣù 4 sí 5; ọwọ́ tó di ẹ̀ṣẹ́ ní gbogbo ìgbà lẹ́yìn oṣù 4; ọmọ tí kò pé ọdún 1 tó ń lo ọwọ́ kan ṣoṣo tó ń wọ́ èkejì; ara tó le gan-gan tàbí tó rọ̀ jù; ọmọ tí kò dá jókòó ní oṣù 9; ọmọ tó ti ń ṣe nǹkan tẹ́lẹ̀ tó wá ṣíwọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, kí ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ̀ka físíò wà ní ọsibítù ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ níbí ní Ìdó, ó sì wà ní ti ìpínlẹ̀ ní Adó.

Mo tún fẹ́ ẹ sọ èyí nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọmọ kan lọ́sẹ̀ yìí: itan tàbí apá ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ọwọ́ ń lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gún ọmọ yín ní ìdí, ẹ kọ̀. Iṣan ńlá tó ń darí ẹsẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, bí abẹ́rẹ́ bá kàn án, àtẹ́lẹsẹ̀ lè máa já wálẹ̀.

Ìyá Ìfàkì

Ọmọ mi kò rá rí o. Ìdí ló fi ń wọ́, ó ń fi ọwọ́ kan wakọ̀ bí ọlọ́kọ̀ ojú omi, ó sì rìn ní ọdún 1 àti oṣù 3. Ṣé ó burú?

Físíò Ìdó

Kò burú. Nínú ìwádìí 2006 yẹn, bí ọmọ 4 nínú 100 ni kò fi ọwọ́ àti orúnkún rá rárá. Bó bá ti ń lo ẹsẹ̀ àti ọwọ́ méjèèjì dáadáa, ẹ dúpẹ́.

Ìyá Àkọ́bí, Adó-Èkìtì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀sẹ̀ 6 rèé tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ sí yín.

A lọ rí físíò níbí ní Adó. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní kò sí ìṣòro, wọ́n sì fi bí mo ṣe máa fi orúnkún rẹ̀ kan dá ìdí rẹ̀ kọjá kó lè yí hàn mí. Mo ra ẹní kan sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yìn tábìlì ni mo tẹ́ ẹ sí, níbi tí oníbàárà kò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìjókòó mọ́tò ti padà sínú mọ́tò. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, igbe la fi ń ṣí ọjà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mò ń wọn ànkárá fún ìyá kan, ìyá náà pariwo, "Ọmọ rẹ ti yí o!" Mo bojú wẹ̀yìn, ó ti fi ikùn lélẹ̀, ó gbé orí sókè, ó ń wò mí. Mo gbàgbé iye ọ̀pá tí mo ti wọ̀n.

Láti ọjọ́ Àìkú ló ti ń jókòó fúnra rẹ̀, ọwọ́ kan nílẹ̀, ọwọ́ kejì di ṣíbí mú. Màmá ọkọ mi ló ń tẹ́ ẹní fún un nílé báyìí. Wọ́n á dùbúlẹ̀ tì í, wọ́n á máa ki í, òun náà á máa dáhùn.

Yèyé Arámọkọ

Ẹ ṣeun, Olúwa mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń fi ti ilẹ̀ bí o bá dì í mú dúró? Mò ń bọ̀ l'Ádó lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Fi nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, èmi ni mo máa bá ọ wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Mi ò ní gbé e lápá.